Kí Ló Ń Gbé Mẹ́téènì àti Ìdọ̀tí Afẹ́fẹ́ Sókè, Kí Ló Sì Ń Mú Wọn Wálẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ìròyìn bá sọ pé afẹ́fẹ́ Èkó burú lónìí, tàbí pé mẹ́téènì tún ti pọ̀ sí i lójú òfurufú, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti tú èéfín jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohun tó ń jáde kò pọ̀ sí i rárá. Ohun tó yẹ kó gbá a kúrò ni agbára rẹ̀ dín kù. Ẹni tí kò bá wo apá méjèèjì yóò ka ọ̀rọ̀ yìí sódì. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí.

Kí ni mẹ́téènì gan-an?

Gáàsì ni, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ó sì wà lára àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń wà jáde lábẹ́ ilẹ̀. (Èyí tó wà nínú sílíńdà tí a fi ń dáná nílé kì í ṣe òun, própéènì àti bútéènì ló wà níbẹ̀.)

Ẹ wo ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lórí ọ̀sà ní Mákòkó. Bí ọ̀pá bá ti wọnú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, omi á máa hó pọ́pọ́pọ́ yí i ká. Mẹ́téènì wà nínú gáàsì tó ń hó jáde yẹn. Alessandro Volta, ará Ítálì, ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá adágún Maggiore ní ọdún 1776: ó fi igi ro ẹrẹ̀, ó gba gáàsì tó jáde sínú ìgò, ó sì ṣáná sí i, ó gbiná.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é. Níbikíbi tí ewé, ìgbẹ́ tàbí oúnjẹ bá ti ń jẹrà tí ọ́síjìn kò sì dé ibẹ̀, àwọn kòkòrò yìí á máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí àbàtà, inú màlúù, oko ìrẹsì inú omi, ṣáláńgá àti ààtàn fi ń tú u jáde. Èyí tó kù ń jò láti ibi ìwakùsà èédú ilẹ̀, kànga epo rọ̀bì àti òpó gáàsì. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Nínú ti ọmọ ènìyàn yìí, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn kó bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún, epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ kó bíi 35, ìdọ̀tí ìlú kó bíi 20.

Mélòó ló wà lójú òfurufú báyìí?

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé ayé, nínú bílíọ̀nù kan wóró afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 700 péré ni mẹ́téènì. Lónìí ó ti kọjá 1,900. Ọdún 2021 ló rékọjá ààlà 1,900 yẹn.

Kò kàn gun òkè lọ ní tààrà o. Ó pọ̀ sí i kíákíá ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tó di 1999, ó dúró, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2006. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ ní 2007 ó tún gbéra, kò sì tíì dúró láti ìgbà náà.

Kí ló lè mú kó dúró, kó sì tún gbéra?

Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù kan tó wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, tí ihò kan wà nídìí rẹ̀. Bí omi tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jò jáde lọ, omi á máa ga. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ojú omi á dúró sójú kan. Bí ẹnì kan bá wá fi nǹkan dí ihò náà díẹ̀, omi á ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ.

Mẹ́téènì kì í pẹ́ lójú òfurufú bíi carbon dioxide, gáàsì tó ń jáde nígbà tí epo tàbí igi bá jó. Ọdún bíi 9 sí 12 ló ń lò kó tó pòórá, nígbà tí carbon dioxide lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nítorí náà, ìyípadà kékeré ní ẹnu ẹ̀rọ tàbí ní ihò ìdí dúrọ́ọ̀mù máa ń hàn láàárín ọdún díẹ̀.

Ta ló wà nídìí ihò yẹn? Kí ló ń gbá mẹ́téènì kúrò?

Hydroxyl ni wọ́n ń pè é: ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan tó so pọ̀. Oòrùn ló ń bí i, látara ósóònù (ọ́síjìn mẹ́ta tó so pọ̀) àti ooru omi inú afẹ́fẹ́. Kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan láyé kó tó kọlu nǹkan míì, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìgbálẹ̀ tó ń mú mẹ́téènì kúrò. Ibi tí oòrùn ti mú tí ọ̀rinrin sì pọ̀, bíi ilẹ̀ wa níhìn-ín, ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Ibi tí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ti kan mẹ́téènì gan-an nìyí. Nitrogen oxide, tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ mànàmáná, máa ń mú kí hydroxyl pọ̀ sí i. Carbon monoxide, tó ń jáde nígbà tí a bá ń sun igbó, èédú tàbí igi tútù, ń jẹ hydroxyl run. Mẹ́téènì fúnra rẹ̀ náà ń jẹ ẹ́ run, tó fi jẹ́ pé bó bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń pẹ́ sí i lókè.

Ní 2020, gbogbo ayé wà nílé, afẹ́fẹ́ sì mọ́. Kí ló dé tí mẹ́téènì tún fò sókè?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí kòrónà. Dáńfó dúró. Ọjà dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Milan, ní Wuhan, ní Delhi, ní London. Sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ Sentinel-5P, tí wọ́n rán lọ sókè ní 2017, rí i pé nitrogen oxide wálẹ̀ gan-an lórí àwọn ìlú ńlá. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan á sọ pé ayé ti rí ìsinmi.

Síbẹ̀, mẹ́téènì fi nǹkan bíi wóró 15 nínú bílíọ̀nù kan lé sí i lọ́dún yẹn, ó sì fi èyí tó sún mọ́ 18 lé sí i ní 2021. Láti 1983 tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n káàkiri ayé, kò tíì sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun méjì ló pàdé ara wọn. Àkọ́kọ́, bí nitrogen oxide ṣe dín kù, hydroxyl náà dín kù. Ihò ìdí dúrọ́ọ̀mù dí díẹ̀. Èkejì, òjò rọ̀ ní ìlà oòrùn Áfíríkà ju bó ṣe yẹ lọ láti ìparí 2019. Adágún Victoria kún dé ibi tí kò kún dé rí nínú àkọsílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2020, àbàtà ńlá Sudd ní Gúúsù Sudan sì fẹ̀ sí i. Àbàtà tó gbòòrò túmọ̀ sí ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn kò dé, ẹrẹ̀ yẹn sì ń tú mẹ́téènì. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé Nature ní 2022 pín ẹ̀bi ọdún 2020 sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín àwọn ohun méjèèjì. Àwọn onímọ̀ míì gbé èyí tó pọ̀ jù lé àbàtà lórí.

Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí a jẹ́ kí ọkọ̀ máa tú èéfín, kí mẹ́téènì lè dín kù?

Rárá o! Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nitrogen oxide ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì ń jìyà rẹ̀ jù. Ohun tí 2020 kọ́ wa ni pé a kò lè gbójú lé ihò ìdí dúrọ́ọ̀mù. Ẹnu ẹ̀rọ ló yẹ kí a yí dé. Bí a bá ń fọ afẹ́fẹ́ ìlú mọ́ lọ́wọ́ kan, ó di dandan kí a máa dí ibi tí mẹ́téènì ti ń jò lọ́wọ́ kejì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ti màlúù ni tàbí ti epo rọ̀bì?

Kábọ́ọ̀nù inú mẹ́téènì oríṣi méjì ni: èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo díẹ̀. Mẹ́téènì tí kòkòrò àìfojúrí ṣe kì í ní púpọ̀ nínú èyí tó wúwo, ti abẹ́ ilẹ̀ ní in jù ú lọ. Láti 2007, mẹ́téènì tó wà lójú òfurufú ti ń fúyẹ́ sí i. Ìyẹn fi hàn pé ibi tí kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn àbàtà, ẹran ọ̀sìn, ìrẹsì àti ààtàn, ló pọ̀ jù nínú àfikún náà. Kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ àwọn elépo mọ́. Ó kàn jẹ́ pé tiwọn kọ́ ló ń pọ̀ sí i jù.

Ní ti màlúù, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé isó rẹ̀ ni. Ẹnu ni ó ń gbà jáde. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ máa ń jẹ àpọ̀jẹ; koríko á máa jẹrà nínú àpòlúkù wọn, wọn á sì máa gùfẹ̀ mẹ́téènì jáde látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìrẹsì ńkọ́? Ṣé ọ̀fàdà náà wà níbẹ̀?

Ìrẹsì tí omi bò mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan ló ń fà á. Ọ̀fàdà tí wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Ògùn kò sí lára wọn. Ní àwọn oko inú omi, àgbẹ̀ tó bá ń jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kó tó tún da omi sí i máa ń dín mẹ́téènì kù gan-an.

Iná gáàsì tí wọ́n ń jó dànù ní ẹkùn Niger Delta ńkọ́?

Wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956. Bí epo bá ń jáde, gáàsì á bá a jáde, ó sì rọrùn fún àwọn elépo láti jó o dànù ju kí wọ́n kó o jọ lọ. Òfin ti jáde ní 1979 pé kí wọ́n jáwọ́. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1984 ni wọ́n dá fún wọn. Ogójì ọdún ti kọjá lórí rẹ̀. Iná náà ṣì ń jó. Ọmọ tí wọ́n bí lábẹ́ iná yẹn lọ́dún tí òfin jáde ti di ẹni tó ń rí ọmọ ọmọ báyìí, kò sì tíì mọ bí òru ṣe ń ṣókùnkùn lábúlé rẹ̀.

Bí iná bá jó dáadáa, mẹ́téènì á di carbon dioxide, èyí tí kì í mú ayé gbóná tó o. Láàárín ogún ọdún, mẹ́téènì ń gbé ooru ró tó ìlọ́po 80 ti carbon dioxide. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í jó tán. Ìṣirò àwọn elépo ni pé 98 nínú ọgọ́rùn-ún ń jó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọkọ̀ òfurufú wọ̀n ọ́n lórí àwọn ibi ìwapo mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ni pé 91 péré ló ń jó. Iná míì tiẹ̀ ti kú tán, gáàsì tútù ló ń fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí kò hàn sójú. Iná tó ń jó làálàá ni gbogbo ayé ń yà fọ́tò rẹ̀, èyí tó ti kú ló ń ṣe mẹ́téènì jù.

Ṣé ààtàn Olúsosùn náà ń kó sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí Olúsosùn, ní Ojota. Ó tó ọgọ́rùn-ún éékà, ilé ti yí i ká báyìí. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí wa ni èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àti oúnjẹ àṣẹ́kù, nǹkan tó ń jẹrà. Bí ọkọ̀ bá da tòní lé tàná lórí, tàná kò rí ọ́síjìn mọ́, iṣẹ́ kòkòrò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2018 iná ńlá ṣẹ́ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì bo Ojota àti Kétu. Níbi tí wọ́n bá ti bo ààtàn dáadáa tí wọ́n sì ri páìpù sínú rẹ̀, wọ́n ń fa gáàsì náà jáde fi ṣe iná mànàmáná. Èyí tó tún rọrùn jù ni kí nǹkan jíjẹrà má débẹ̀ rárá, kí wọ́n sọ ọ́ di ajílẹ̀.

Kí ló ń ba afẹ́fẹ́ Èkó jẹ́ jù?

Eruku kíkéré tí wọ́n ń pè ní PM2.5 ló burú jù. Kò tó ìdá kan nínú ogún fífẹ̀ irun orí, nítorí náà ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé kò yẹ kó ju maikirogíráàmù 5 lọ (maikirogíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, bí a bá ṣírò ọdún kan. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 bá 68 láwọn ibi ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé iṣẹ́ ní Èkó, ó sì ṣírò pé ó pa èèyàn 11,200 ní 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ọkọ̀ ló ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n dárúkọ: ọkọ̀ àlòkù tó ti gbó, tó ń mu dísù tí imí ọjọ́ kún inú rẹ̀, tó wà lójú kan nínú gòsíló fún wákàtí púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e, jẹnẹrétọ̀ sì ṣe ìkẹta. Ẹ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” wà lórí pèpéle, ẹnu wọn kọjú sí ọ̀nà. Epo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù wọn, nítorí náà epo tí kò jó tán ń bá èéfín jáde, funfun tàbí bí àwọ̀ aró tó ti ṣá. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fà á símú títí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló dé tó fi máa ń burú sí i nígbà ọyẹ́, ṣé ọkọ̀ ń pọ̀ sí i ni?

Ọkọ̀ kò pọ̀ sí i. Ohun méjì ló ń yí padà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀. Ibi tó ń tú eruku jáde jù lọ lágbàáyé ni Bodélé ní Chad, ilẹ̀ adágún àtijọ́ tó ti gbẹ, tí ìjì ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi fẹ́ kọjá. Ìkejì, ilẹ̀ máa ń tutù kíákíá lóru ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù á wà nísàlẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á bò ó mọ́lẹ̀, èéfín kò ní ríbi gòkè. Bó bá sì di oṣù keje, òjò á máa fọ̀ ọ́ wálẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ kan náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Eérú dúdú ti Port Harcourt ńkọ́?

Láti ìparí 2016 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń pariwo rẹ̀: wọ́n á nu tábìlì láàárọ̀, aṣọ ìnulẹ̀ á dúdú, wọ́n á fun imú, ikun rẹ̀ á dúdú. Àwọn tó ń se epo rọ̀bì nínú igbó láìgba àṣẹ wà nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sísun epo tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn.

Ṣé mẹ́téènì lè pa èèyàn?

Ìwọ̀n tó wà lójú òfurufú kò lè ṣe wá ní nǹkan kan tààrà. Àmọ́ ó wà lára ohun tó ń di ósóònù nítòsí ilẹ̀, ósóònù yìí sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti irè oko jẹ́. Níbi tó há, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bó bá tó 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó lè bú gbàmù tí iná bá kàn án. Nítorí náà, ẹ má ṣáná sẹ́nu ṣáláńgá tàbí kòtò ìdọ̀tí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹ má sì wọ inú rẹ̀ lọ gbé ẹni tó dákú. Àwọn gáàsì mìíràn tó ń pani wà níbẹ̀, ọ́síjìn kò sì tó. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sábẹ́ fèrèsé. Carbon monoxide kò ní òórùn, ojú oorun ló ti máa ń pa odindi ìdílé.

Ilé ìdáná wa ńkọ́?

Àdògán àti igi ìdáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé lè mú èéfín inú ilé ju ti títì lọ. Owó gáàsì tó gbówó lórí ti dá ọ̀pọ̀ ilé padà sídìí èédú, n kò sì lè bá ẹni tí kò ní lọ́wọ́ wí. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ máa dáná níta tàbí lábẹ́ àtíbàbà, kí igi gbẹ dáadáa, kí ẹ má sì pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná.

Ṣé a ti rí ibi tí ó ti dín kù rí?

A rí i. Láàárín ọjọ́ 5 sí 9 oṣù kejìlá 1952, kùrukùru tó dàpọ̀ mọ́ èéfín èédú ilẹ̀ bo London, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ní 1956 wọ́n ṣòfin èéfín. Lónìí, àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Peckham ní London ń san owó bí ọkọ̀ wọn bá ti gbó jù, nítorí irú ìjà yìí kan náà.

Ní ti mẹ́téènì, ní Glasgow ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, ṣèlérí láti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù kí ó tó di 2030, sí ìwọ̀n ti 2020. Títí di báyìí ó ṣì ń lọ sókè. Síbẹ̀, èrè rẹ̀ kì í pẹ́ hàn: bí a bá dí ibi tó ń jò lónìí, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá òfurufú á ti fi í hàn.

Fóònù mi ń fi nọ́ńbà AQI (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ sí) hàn mí. Báwo ni kí n ṣe kà á?

AQI kì í ṣe ìwọ̀n PM2.5 fúnra rẹ̀, ìṣirò tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀ àti àwọn ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ míì ni, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ wé 5 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ kan wà nítòsí yín tàbí wọ́n kàn fojú bù ú láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ àdúgbò yín ń dára sí i, ẹ fi oṣù kìíní wé oṣù kìíní, kì í ṣe oṣù kìíní wé oṣù keje. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní ikọ́ fée, kó wo nọ́ńbà náà láàárọ̀ kùtù ní ìgbà ọyẹ́ kí ọmọ tó lọ síléèwé, torí ìgbà yẹn ni èéfín òru máa ń ṣì wà nísàlẹ̀. Ó máa ń fúyẹ́ bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná.